Má fojú kéré òjò dídì díẹ̀

Montréal, Kánádà,
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù Kejìlá.

Àkànní ọmọ mi,

   

Mo gbọ́ iṣẹ́ tí o fi ránṣẹ́ lórí fóònù. O ní físà rẹ ti jáde, pé ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kìíní ni wàá wọkọ̀ òfurufú ní Cotonou, kí o lè bá ilé ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀. O ní o ti wo ohun tí wọ́n sọ nípa ojú ọjọ́ ìhà ọ̀dọ̀ wa: òtútù tó ń wọ egungun, àti òjò dídì díẹ̀. O wá rẹ́rìn-ín, o ní níwọ̀n ìgbà tí òjò náà bá ti jẹ́ díẹ̀, kò séwu. Ẹ̀rín yẹn ló mú mi kọ ìwé yìí.

Ọmọ mi, òjò dídì gan-an kọ́ ló yẹ kí àlejò bẹ̀rù níbí. Òtútù ni, àti ohun tí ènìyàn fi ń lé òtútù. Ìgbà tí òjò yẹn bá sì kéré ni òtútù sábà máa ń le jù. Afẹ́fẹ́ tó bá tutù rékọjá kò lè gbé omi púpọ̀. Òjò dídì ńlá, èyí tó ń bo mọ́tò mọ́lẹ̀, ìgbà tí ojú ọjọ́ bá wà nítòsí òdo ló sábà máa ń rọ̀. Ṣùgbọ́n bí afẹ́fẹ́ bá ti Arctic lápá àríwá wá, ojú ọ̀run á mọ́ rokoṣo, gbogbo nǹkan á gbẹ, ìwọ̀nba ẹ̀búbú funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni yóò máa já bọ́. Ọyẹ́ tó ń ti Sàhárà wá sí Pobè àti Sakété nílé náà, àríwá ló ti ń wá, gbígbẹ náà ló gbẹ. Ṣùgbọ́n má fi ìyẹn wọn èyí o. Ọyẹ́ ilé wa tí a fi ń yáná láàárọ̀, agbára káká ni yóò fi lọ sísàlẹ̀ ìwọ̀n 18. Níbí, 10 nísàlẹ̀ òdo kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu nínú oṣù Kìíní, òru sì lè mú un dé 25 nísàlẹ̀ òdo. Lọ́dún 1957, ó dé 37.8 nísàlẹ̀ òdo ní Montréal yìí.

Nígbà tí o bá ń ka ìròyìn ojú ọjọ́ Environnement Canada, nọ́ńbà méjì ni kí o máa wò. Àkọ́kọ́ ni bí afẹ́fẹ́ ṣe tutù tó. Èkejì ni bí ara yóò ṣe gbọ́ òtútù náà tó nígbà tí atẹ́gùn bá ń fẹ́. Bí ó bá jẹ́ 20 nísàlẹ̀ òdo, tí atẹ́gùn sì ń sáré 30 kìlómítà ní wákàtí, ara yóò gbọ́ ọ bí 33 nísàlẹ̀ òdo. Bí nọ́ńbà kejì yìí bá wà láàárín 28 sí 39 nísàlẹ̀ òdo, awọ ara tí a kò bò lè dì láàárín ìṣẹ́jú 10 sí 30. Bí ó bá wọ 40, ìṣẹ́jú 5 sí 10 ti tó. Ìṣẹ́jú 10 ni ènìyàn fi ń dúró de bọ́ọ̀sì lásán.

Etí, imú, ìka ọwọ́ àti ìka ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ ń kàgbákò. Ara aláwọ̀ funfun á pọ́n, á sì funfun báláú. Ojú tètè máa ń rí i. Tiwa kì í tètè hàn bẹ́ẹ̀. Àwọn oníṣègùn ọmọ ogun Amẹ́ríkà tilẹ̀ ti rí i pé ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú ló ń fara gbá a jù. Nítorí náà, má dúró de àwọ̀. Bí ìka bá ti ń ta ọ́, tó wá dákẹ́ lójijì bí ẹni pé kì í ṣe tìẹ mọ́, wọlé. Má fi ọwọ́ ra á, má sì ki í bọ omi gbígbóná. Omi lílọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́ ni kí o fi í sí. Bí kò bá padà bọ̀ sípò, wá oníṣègùn lọ.

Mo tún gbọ́ tí o ń sọ pé wọ́n ti sọ bí gbogbo ìgbà òtútù yóò ṣe rí. Èyí tí wọ́n ń sọ fún oṣù mẹ́ta dà bí èyí tí àwọn àgbẹ̀ wa ń gbọ́ kí àkọ́rọ̀ òjò tó bẹ̀rẹ̀: ó ń sọ bóyá òtútù yóò ju ti àtẹ̀yìnwá lọ tàbí kò ní tó o, kò lè sọ ọjọ́ fún ọ. Bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Ìwọ, àràárọ̀ ni kí o máa wò ó kí o tó ṣílẹ̀kùn.

Òjò díẹ̀ tí o fi ń ṣẹ̀rín yẹn ńkọ́? Àwọn ẹsẹ̀ tó kọjá lórí rẹ̀ á tẹ̀ ẹ́ di yìnyín. Iyọ̀ ni ìjọba ìlú ń dà sójú ọ̀nà láti yọ́ ọ, ṣùgbọ́n bí ojú ọjọ́ bá ti lọ sísàlẹ̀ 15 nísàlẹ̀ òdo, iyọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ mọ́; òkúta wẹ́wẹ́ ni wọ́n máa ń fọ́n kí ẹsẹ̀ lè rí nǹkan dì mú. Gbé ẹsẹ̀ ṣíṣẹ́ṣẹ́, má sáré tẹ̀lé bọ́ọ̀sì, má sì ki ọwọ́ bọ àpò bí o bá ń rìn. Ọwọ́ ni wàá fi gba ara rẹ bí o bá yọ̀.

Èyí tó kù yìí ni kí o tẹ́tí sí jù. Láàárín ọjọ́ 5 sí ọjọ́ 10, oṣù Kìíní ọdún 1998, òjò rọ̀ níhìn-ín, bó ṣe ń kan nǹkan ló ń dì. Yìnyín wúwo lórí wáyà iná títí òpó irin fi ń wó lulẹ̀. Nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́ta ènìyàn ni kò ní iná ní Québec, àwọn mìíràn ní Saint-Hyacinthe àti Granby sì lò tó oṣù kan nínú òkùnkùn. Mo wà nílùú nígbà náà. Nínú àwọn tó kú, àwọn kan wà tí òtútù kò pa. Ohun tí wọ́n gbé wọlé láti fi yáná ló pa wọ́n. Èédú àti jẹnẹrétọ̀ ń tú èéfín kan jáde tí kò lóòórùn, tí ojú kò rí, tí wọ́n ń pè ní monoxyde de carbone. Ẹni tó bá fà á símú á kàn sùn lọ ni. Nílé wa, fèrèsé máa ń ṣí. Níbí, a dí gbogbo ihò pa nítorí òtútù. Má ṣe gbé ìkòkò èédú wọ yàrá láéláé, ìbáà jẹ́ pé iná lọ, ìbáà jẹ́ pé ẹran ni o fẹ́ sun.

Ní ti ẹrù, má ná owó rẹ tán sórí kóòtù ní ọjà Missèbo ní Cotonou. Èyí tí o máa wọ̀ nínú ọkọ̀ òfurufú ti tó. Mo ti wá kóòtù gidi àti bàtà òtútù sílẹ̀ dè ọ́. Fi òrí àti àdí sínú àpótí rẹ, torí awọ ara máa ń là níbí ju ti ìgbà ọyẹ́ lọ. Nígbà tí o bá dé, aṣọ fẹ́lẹ́ mélòó kan tí a wọ̀ lórí ara wọn sàn ju ẹyọ kan tó nípọn lọ, má sì jẹ́ kí òwú wà lára rẹ nísàlẹ̀, nítorí ó ń mu òógùn, á sì tutù. Irun àgùntàn ló dára. Má tìtorí oge kọ fìlà.

Òkùnkùn náà wà níbẹ̀. Ní àsìkò yìí, ilẹ̀ ti máa ń ṣú kí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ tó lù, ó sì ń wúwo lọ́kàn ọmọ tó dá wà. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Wá sílé mi, bá wa jẹun, pe ìyá rẹ.

Fi ọjọ́ àti aago tí ọkọ̀ rẹ yóò balẹ̀ ránṣẹ́ sí mi kó tó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí o bá dé pápákọ̀ òfurufú tí o kò rí mi, jókòó sínú ilé. Má bọ́ síta lọ wá mi, bó ti wù kí òjò náà kéré tó.

Kí Ọlọ́run mú ọ dé láyọ̀.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ.