Ẹ̀tọ́ àti Òtítọ́ Nídìí Ọjà Tí Ó Bàjẹ́ Kí Ọjọ́ Wáráńtì Rẹ̀ Tó Pé

Èròǹgbà ẹ̀kọ́ yìí: Kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa ní Warri àti agbègbè rẹ̀ lè mọ ọ̀nà tí ó tọ́ láti béèrè ẹ̀tọ́ wọn lọ́wọ́ olùtajà, láìsí irọ́ àti láìsí ìjà.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan bẹ̀rẹ̀. Òbí kan ra ọkọ̀ ìṣeré tí a ń fi rìmóòtù darí fún ọmọ rẹ̀ ní ọjà Igbudu. Olùtajà fún un ní ìwé wáráńtì oṣù mẹ́ta. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹ̀rọ kékeré tí ń yí táyà ọkọ̀ náà fi dákẹ́. Iná rẹ̀ ń tàn, rìmóòtù ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n táyà kò yí mọ́. Kí ni ó yẹ kí òbí náà ṣe? Ìdáhùn kan náà ni fún ẹni tí fáànù rẹ̀, ẹ̀rọ tí ń fa omi kànga rẹ̀, tàbí jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ bá bàjẹ́.

Kí ni wáráńtì?

Wáráńtì jẹ́ àdéhùn. Ẹni tí ó ṣe ọjà tàbí ẹni tí ó tà á ń sọ pé, bí ọjà náà bá bàjẹ́ láàárín àkókò kan nítorí àléébù tí ó ti wà lára rẹ̀ láti ilé iṣẹ́, òun yóò tún un ṣe, òun yóò pààrọ̀ rẹ̀, tàbí òun yóò dá owó padà. Àdéhùn yìí kò bo ìlòkulò. Níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ aáwọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ó yẹ kí a mọ ohun tí ń pa irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀.

Wáyà tín-ín-rín tí a wé mọ́ irin ni ó wà nínú ẹ̀rọ náà. Bí iná bá gba inú wáyà kọjá, irin di òòfà, òòfà mìíràn tí ó wà níbẹ̀ a sì máa tì í yí po. Bí a kò bá wé wáyà dáadáa, tàbí bí ibi tí a ti jó o pọ̀ bá já, ẹ̀rọ yóò kú láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣe é ní ibi. Àléébù ilé iṣẹ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí irun tàbí okùn bá wé mọ́ ìdí táyà, tí ọmọ sì ń tẹ rìmóòtù lọ, ẹ̀rọ yóò gbóná títí wáyà rẹ̀ yóò fi jóná. Bí a bá fi bátìrì tí agbára rẹ̀ ju èyí tí a kọ sínú ìwé lọ sí i, tàbí bí a bá wa ọkọ̀ náà gba inú àgbàrá òjò, a kò lè dá ilé iṣẹ́ lẹ́bi.

Òtítọ́ ni ìpìlẹ̀

Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí oníbàárà kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ pé: báwo ni a ṣe lo ọjà yìí? Apá 23 nínú Ìwé Òfin Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 1999 ka ìwà òtítọ́ mọ́ àwọn ìwà tí ó yẹ ọmọ orílẹ̀-èdè yìí. Oníbàárà tí ó nu omi ara ọkọ̀ gbẹ, tí ó sì búra pé omi kò kàn án rí, ń ja olùtajà lólè. Ó tún ń ba ọ̀nà jẹ́ fún ẹni tí yóò mú ẹ̀sùn òtítọ́ wá lẹ́yìn rẹ̀. Bákan náà, olùtajà tí ó mọ̀ pé ọjà òun ní àléébù, tí ó sì kọ̀ láti wò ó, ti sọ ìwé tí òun fúnra rẹ̀ fi lélẹ̀ di irọ́. Àwọn àgbà ní òtítọ́ dé ọjà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Iṣẹ́ ẹgbẹ́ wa ni láti jẹ́ kí òtítọ́ tà.

Ohun tí òfin sọ

Òfin Ìdíje Ọjà àti Ààbò Oníbàárà ti ọdún 2018, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2019, ni ó dá àjọ FCCPC sílẹ̀ láti rọ́pò Consumer Protection Council. Apá 117 ní kí a sọ ọ́ ní kedere bí ọjà bá jẹ́ tòkunbọ̀ tàbí èyí tí a tún ṣe. Apá 118 pàṣẹ kí olùtajà fún oníbàárà ní àkọsílẹ̀ ọjà tí ó rà. Òfin náà tún fún wa ní ẹ̀tọ́ sí ọjà tí ó dára, nítorí náà pátákó tí a kọ "A kì í gba ọjà padà" sí kò lè pa ẹ̀tọ́ ẹni tí a ta ọjà alábùkù fún. Apá 146 fi ọ̀nà hàn: oníbàárà lè lọ bá olùtajà, ó lè lọ bá àjọ tí ń ṣàkóso irú òwò bẹ́ẹ̀, ó lè kọ̀wé sí FCCPC, ó sì lè lọ sí ilé ẹjọ́.

Àwọn ìgbésẹ̀ tí ó yẹ

1. Ẹ dáwọ́ lílo ọjà náà dúró. Ẹ má tú u, ẹ má sì gbé e fún oníṣẹ́ ẹ̀rọ ẹ̀bá títì, nítorí ọ̀pọ̀ ìwé wáráńtì sọ pé àdéhùn parí bí ẹlòmíràn bá ti tú ọjà.
2. Ẹ ka ìwé wáráńtì, kí ẹ sì wo ọjọ́ tí yóò parí.
3. Ẹ kó rìsíìtì, ìwé wáráńtì, páálí àti bátìrì jọ. Ẹ ya àwòrán ọjà náà.
4. Ẹ lọ bá olùtajà pẹ̀lú sùúrù. Ẹ sọ ọjọ́ tí ẹ rà á, ọjọ́ tí ó dákẹ́, bí ẹ ṣe lò ó, àti ohun tí ẹ ń fẹ́. Ẹ jẹ́ kí ó yẹ̀ ẹ́ wò.
5. Bí ó bá gbà á lọ́wọ́ yín, ẹ gba ìwé tí ó fi hàn pé ọjà wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Bí ó bá kọ̀, ẹ kọ lẹ́tà sí i, kí ẹ pa ẹ̀dà rẹ̀ mọ́, kí ẹ tó kọ̀wé sí FCCPC.

Kí ọ̀rọ̀ ọjà má di ọ̀rọ̀ ẹ̀yà

Itsekiri, Urhobo, Ijaw, Ìgbò, Yorùbá àti àwọn ẹ̀yà mìíràn ni wọ́n jọ ń ná ọjà Warri. Àwọn tí ó gbé ìlú yìí ní ọdún 1997 àti 2003 mọ ohun tí ìjà ẹ̀yà ń náni. Bí ọmọ ẹgbẹ́ wa bá ní ẹ̀sùn, kí a má ṣe kó èrò lọ sí ìsọ̀ olùtajà, kí a má sì pe ẹ̀ṣẹ̀ ẹnìkan ní ẹ̀ṣẹ̀ ìran rẹ̀. Ẹgbẹ́ lè yan àgbà méjì láti bá a lọ, kí wọ́n sì gbọ́ ti ọ̀tún, kí wọ́n gbọ́ ti òsì, nítorí agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Bí wọ́n bá rí i pé ọmọ ẹgbẹ́ wa ni ó ṣi ọjà náà lò, kí wọ́n sọ fún un láìfi bò. Ẹgbẹ́ tí ó lè bá ọmọ rẹ̀ wí ni olùtajà yóò bọ̀wọ̀ fún nígbà tí ẹ̀tọ́ bá jẹ́ ti ọmọ náà.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín àléébù ilé iṣẹ́ àti ìlòkulò?
2. Ta ni ó ń jìyà nígbà tí oníbàárà bá parọ́ láti gba owó padà?
3. Báwo ni ẹgbẹ́ wa ṣe lè ran ọmọ ẹgbẹ́ tí kò mọ̀wé lọ́wọ́ láti kọ ẹ̀sùn rẹ̀?