Ẹ̀kọ́ Láti Nàmíbíà: Ẹran Ìgbẹ́ Àti Èrè Ẹgbẹ́

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, ẹ jẹ́ kí a kọ́gbọ́n lára àwọn ará oko Nàmíbíà. Erin ń jẹ oko wọn, kìnnìún ń pa ewúrẹ́ wọn, wọn kò sì rí èrè kankan níbẹ̀. Òfin ọdún 1996 gbà wọ́n láyè láti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, kí wọ́n máa tọ́jú ẹran ìgbẹ́, kí wọ́n sì máa jèrè rẹ̀. Ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ ní ààlà ilẹ̀, ìwé orúkọ, ìgbìmọ̀ àti ètò pípín èrè. Ní Torra, ilé ìbùwọ̀ àwọn olówó tó ń wá wo ẹran ń san owó fún ẹgbẹ́.

Nígbà tí àrùn Kòrónà dé ní 2020, àlejò kò wá mọ́, owó kò sì wọlé. Bí àgbẹ̀ kò bá rí ìpín tirẹ̀, ṣé yóò dá kìnnìún sí? Ẹ jẹ, kí ẹ sì ṣẹ́kù: ìtumọ̀ àjẹṣẹ́kù nìyẹn.

Ìbéèrè fún ìpàdé: Èló ni ẹgbẹ́ yín fi pamọ́ de ọjọ́ òjò?