Àmì Ohùn Lórí Kọ̀ǹpútà: Ohun Tó Ń Dà Wá Láàmú àti Bí A Ṣe Lè Yanjú Rẹ̀

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ wa, kò sí ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ lórí èdè Yorùbá láàrin wa tí kò mọ ìyà tí a fẹ́ sọ yìí. A ti gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́ tàbí ní Àjàṣẹ́. A ti tẹ́tí sí i, a ti fi ohùn sí i nínú ìwé àjákọ wa, ó wá ku kí a tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Lẹ́tà di àpótí òfìfo. Àmì ohùn fò kúrò lórí fáwẹ̀lì tirẹ̀, ó lọ jókòó sórí ẹlòmíràn. Ìlà pupa gba gbogbo ojú ìwé bí ẹni pé àṣìṣe ni gbogbo èdè wa. Ọ̀pọ̀ nínú wa a wá sọ pé ẹ̀rọ náà ni kò dáa, wọn a sì yọ gbogbo àmì kúrò kí iṣẹ́ lè yá.

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a fẹ́ fi hàn pé wàhálà náà ní ìdí, a sì lè to ìdí rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń to fóníìmù èdè kan. Ẹni tó bá mọ ìdí rẹ̀ kò ní máa bá ẹ̀rọ jà mọ́.

1. Ohun tí à ń pàdánù bí a bá yọ àmì

Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀rọ̀ tí gbogbo wa mọ̀: ọkọ (ti ìyàwó), ọkọ́ (tí a fi ń roko), ọkọ̀ (tí a ń wọ̀), ọ̀kọ̀ (tí ọdẹ àti jagunjagun ń lò). Bí a bá yọ àmì ohùn kúrò, ọ̀rọ̀ mẹ́rin di ẹyọ kan. Bí a bá tún yọ àmì abẹ́ kúrò, wọn yóò dara pọ̀ mọ́ oko tí a ń ro àti òkò tí a ń jù. Ó di mẹ́fà nínú ìkòkò kan.

Àwọn kan yóò sọ pé ẹni tó gbọ́ Yorùbá yóò mọ èyí tí a ń sọ. Òótọ́ ni, bí ènìyàn bá ń kà á. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà tí a ní kó bá wa ka iye ìgbà tí ọ̀rọ̀ kan jẹ yọ kì í méfò. Ohun tí a bá tẹ̀ ló ń kà. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tó bá fẹ́ lo iṣẹ́ wa ní ogún ọdún sí i láti wo ohùn ẹ̀ka-èdè Ṣábẹ̀ẹ́ kò ní rí ohùn kankan níbẹ̀.

2. Pátákó ìtẹ̀wé AZERTY

Èdè Faransé ni wọ́n ṣe AZERTY fún, òun ló sì wà lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí à ń lò. É wà lórí bọ́tìnì 2, è wà lórí 7, à wà lórí 0, ù náà ní bọ́tìnì tirẹ̀. Ohun tí Faransé nílò nìyẹn.

Kí ni àwa nílò? Fáwẹ̀lì àìránmúpè wa jẹ́ 7. Ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ni à ń fi àmì sí, a kì í sábà fi sí ohùn àárín. 7 lọ́nà 2 jẹ́ 14: à, á, è, é, ẹ̀, ẹ́, ì, í, ò, ó, ọ̀, ọ́, ù, ú. Nínú 14 yìí, AZERTY fún wa ní 4 lójú ẹsẹ̀. Bí a bá tẹ AltGr pẹ̀lú 7 lórí Windows, kí a tó tẹ o tàbí i, a ó rí ò àti ì. Gbogbo rẹ̀ di 6.

Ẹ wo 6 náà dáadáa: à, è, é, ì, ò, ù. Ohùn ìsàlẹ̀ rí ilé gbé lórí gbogbo fáwẹ̀lì tí kò ní àmì abẹ́. Ohùn òkè kò rí ju é nìkan lọ. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ pé ohùn kan le ju èkejì lọ. Faransé ń lo irú àmì yẹn lórí a, e àti u. Kò lo àmì ohùn òkè wa lórí fáwẹ̀lì mìíràn yàtọ̀ sí e. Ẹ fi lẹ́tà 6 yìí sọ́kàn, a ó tún bá wọn pàdé lórí fóònù.

3. Lẹ́tà kan, ọ̀nà púpọ̀

3.1. Ìrísí lójú àti ohun tó wà nísàlẹ̀

Kọ̀ǹpútà kò mọ lẹ́tà, nọ́ńbà ló mọ̀. Fọ́ǹtì ló ń ya lẹ́tà sí ojú nọ́ńbà. Àwa tí a ti kọ́ nípa ìpìlẹ̀ fonọ́lọ́jì àti ìrísí òkè, ọ̀rọ̀ yìí kò yẹ kó ṣòro fún wa.

Ní àtijọ́, tábìlì tó gbajúmọ̀ jù ní ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù, èyí tí wọ́n ń pè ní Latin-1, kò ní ju àyè 256 lọ. Ó ní à, á, è, é, ì, í, ò, ó, ù àti ú. Kò ní ẹ, kò ní ọ, kò ní ṣ. Kò sì ní ɛ àti ɔ. Àwọn ènìyàn bá dọ́gbọ́n: wọ́n ṣe fọ́ǹtì tó ń ya ẹ sí àyè lẹ́tà mìíràn. Ó máa ń dáa lójú lórí ẹ̀rọ ẹni tó ní fọ́ǹtì náà. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé fáìlì náà lọ sí ibi ìtẹ̀wé tí kò ní i, lẹ́tà tó wà nísàlẹ̀ a yọ jáde. Ìdí nìyẹn tí àwọn fáìlì àtijọ́ kan fi kún fún àmì owó àti àmì ìbéèrè láàrin ọ̀rọ̀ Yorùbá.

3.2. Unicode

Unicode, tí ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1991, fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tí kì í yí padà. Ẹ jẹ́ U+1EB9, ọ jẹ́ U+1ECD, ṣ jẹ́ U+1E63. Èdè Vietnam náà ń lo ẹ àti ọ. Ó yẹ kí èyí pa wá lẹ́rìn-ín díẹ̀: ní èdè Vietnam, àmì abẹ́ yẹn gan-an ni àmì ohùn, lọ́dọ̀ wa, irú fáwẹ̀lì ló ń tọ́ka sí. Lẹ́tà kan náà, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ́, tó ní àmì lókè àti nísàlẹ̀, kò ní nọ́ńbà tirẹ̀. A ní láti tò ó pọ̀, mẹ́ta nínú àwọn ọ̀nà tó wà sì nìyí:

(a) ẹ (U+1EB9), kí àmì òkè (U+0301) tẹ̀ lé e;
(b) é (U+00E9), kí àmì abẹ́ (U+0323) tẹ̀ lé e;
(d) e lásán, kí àmì abẹ́ tẹ̀ lé e, kí àmì òkè wá tẹ̀ lé ìyẹn.

Lójú, ọ̀kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Unicode pàápàá sọ pé wọ́n dọ́gba. Ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ ẹ̀dà fóníìmù ni: ìrísí mẹ́ta, ìyàtọ̀ ìtumọ̀ kò sí. Ìyà tó wà níbẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ ètò kọ̀ǹpútà ń fi nọ́ńbà wé nọ́ńbà bí wọ́n bá ń wá ọ̀rọ̀. Bí ènìyàn mẹ́ta bá bá wa tẹ àkójọ ọ̀rọ̀ wa, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan sì tẹ ọjọ́ ní ọ̀nà tirẹ̀, a ó wá ọjọ́, ẹ̀rọ yóò fún wa ní ti ẹnì kan, yóò sì dákẹ́ nípa ti àwọn méjì yòókù. Kò ní sọ pé òun kò rí i. Iye tó bá fún wa la ó kọ sínú tábìlì, iye náà yóò sì jẹ́ irọ́.

Kí ló dé tí Unicode kò fi ẹ́ kún àwọn lẹ́tà rẹ̀ kí gbogbo wa sinmi? Ìlànà wọn ni pé lẹ́tà tí a bá ti lè tò pọ̀ láti ara àwọn tó wà nílẹ̀ kò ní rí nọ́ńbà tuntun gbà mọ́, kí àwọn fáìlì tó ti wà má baà dàrú. Ẹni tó kọ́kọ́ dé ló jókòó sórí àga: é ti wà nínú tábìlì àwọn ará Yúróòpù kí Unicode tó bẹ̀rẹ̀, ẹ́ kò sí níbẹ̀.

3.3. Àkọtọ́ ti Bẹ̀nẹ̀ ńkọ́?

Àwọn álífábẹ́ẹ̀tì èdè orílẹ̀-èdè wa, tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní 1975, tí wọ́n sì tún yẹ̀ wò ní 1990 àti 2008, ń kọ ɛ àti ɔ níbi tí àkọtọ́ Nàìjíríà ti ń kọ ẹ àti ọ. Wọ́n ń kọ sh fún ṣ, àti kp fún p. Ọjọ́ ń di ɔjɔ́.

Lójú ẹ̀rọ, àkọtọ́ yìí ní àǹfààní kan tí a kì í sábà sọ. Ɛ kì í ṣe e tí a fi nǹkan sí lábẹ́. Lẹ́tà tó dá dúró ni (U+025B), ɔ náà sì rí bẹ́ẹ̀ (U+0254). Nítorí náà, ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà láti tẹ ɛ́: ɛ, lẹ́yìn náà àmì òkè. Ọ̀nà púpọ̀ di ẹyọ kan.

Àmọ́ ewu mìíràn wà níbẹ̀. Lẹ́tà Gíríìkì kan, ε (U+03B5), jọ ɛ bí ìbejì. Ẹni tó bá lọ ṣà á láàrin àwọn lẹ́tà ìṣirò ti mú Gíríìkì wọ inú Yorùbá, kò sì sí ètò tí yóò gbà pé wọ́n dọ́gba.

4. Fóònù àti SMS

Àyè 140 báìtì ni SMS kan ní. Bí gbogbo lẹ́tà inú rẹ̀ bá wà nínú tábìlì kékeré ti GSM, bíìtì 7 ni lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ń gbà, a ó sì rí àyè 160. Bí lẹ́tà kan ṣoṣo bá wà níta tábìlì náà, gbogbo iṣẹ́ náà yóò bọ́ sí bíìtì 16, àyè yóò sì di 70.

Lẹ́tà wo ni ti àwa tó wà nínú tábìlì náà? À, è, é, ì, ò, ù. Àwọn 6 ìjẹ́ta náà ni! Ẹ wo gbólóhùn méjì yìí:

Mo ti dé ilé.
Mo ti rí ilé.

Ti àkọ́kọ́ ní àyè 160. Ti èkejì ní 70, nítorí í nìkan. Ẹ̀wẹ̀, ọ̀ ń gba àyè méjì, ẹyọ kan fún ọ, ẹyọ kan fún àmì ohùn. Bí iṣẹ́ tó gùn tó lẹ́tà 100 bá jẹ́ SMS kan láìsí àmì, ó di méjì pẹ̀lú àmì, owó rẹ̀ sì di ti méjì. Kò yẹ kí a máa bá àwọn àbúrò wa wí pé wọ́n ya ọ̀lẹ, nígbà tí àmì ohùn fúnra rẹ̀ ń jẹ owó. Lórí WhatsApp, ìṣirò yìí kò sí, nítorí náà àwáwí yẹn kò sí níbẹ̀ mọ́.

5. Ìlà pupa àti títò

Ìlà pupa kò túmọ̀ sí pé a ṣì í kọ. Ètò náà rò pé Faransé ni à ń kọ ni. Ẹ yan gbogbo ọ̀rọ̀ Yorùbá náà, kí ẹ sì sọ fún ètò náà pé yoruba ni èdè rẹ̀. Word ní i nínú àkójọ èdè rẹ̀. Bí kò bá ní ìwé atúmọ̀ Yorùbá, yóò dákẹ́, ìdákẹ́ sì sàn ju ẹ̀sùn èké lọ. Ẹ pa àtúnṣe aládàáṣiṣẹ́ náà, kó má baà sọ ọ̀rọ̀ wa di Faransé lẹ́yìn wa.

Ní ti títò, lẹ́tà kan ni gb jẹ́ lọ́dọ̀ wa, ó sì ń tẹ̀ lé g. Ẹ̀rọ tó ń to nǹkan ní ìlànà Faransé yóò ti gbà sáàrin ga àti ge. Ẹni tó bá ń ṣe àkójọ ọ̀rọ̀ kó yẹ̀ ẹ́ wò kó tó tẹ̀ ẹ́ jáde.

6. Ohun tí a lè ṣe

Kìíní, kí gbogbo ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kan pọ̀ lo pátákó ìtẹ̀wé kan náà. Ti Yorùbá wà lórí Windows. Keyman, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, ní ti rẹ̀. Gboard náà ní i fún fóònù.

Èkejì, kí a yan àkọtọ́ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí a sì sọ ọ́ nínú ìfáárà iṣẹ́ wa.

Ẹ̀kẹta, kí a tó ka ohunkóhun, kí a sọ gbogbo fáìlì di irú ìtò kan. Èyí tí wọ́n ń pè ní NFC ń sọ ọ̀nà (b) àti (d) di (a). Ẹni tó bá mọ Python díẹ̀ yóò fi unicodedata.normalize ṣe é ní ìlà kan.

Ẹ̀kẹrin, kí a lo fọ́ǹtì tó mọ ibi tí àmì ń gbé: Charis SIL, Doulos SIL, Gentium tàbí Noto. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo wọn.

Ẹ̀karùn-ún, bí a bá ń lọ tẹ̀wé ní cyber, PDF ni kí a gbé lọ, kí fọ́ǹtì wà nínú rẹ̀.

Ìdánrawò

(i) Nọ́ńbà mélòó ló wà nínú ọ̀rẹ́ bí a bá tò ó ní NFC? Mélòó ni bí a bá tú gbogbo àmì rẹ̀ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan? Mélòó ni ɔ̀rɛ́?
(ii) Nínú Bàbá ń lọ sóko, lẹ́tà wo nínú àwọn tó ní àmì ló wà nínú tábìlì GSM?

Ìdáhùn: (i) 5, 7, 5 ni ɔ̀rɛ́, bó ti wù kí a tò ó. (ii) À nìkan.

Àkótán

Àwọn àgbà ní ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ọ̀rọ̀ tí a gbà lẹ́nu àwọn ìyá àti bàbá wa ní abúlé ti balẹ̀ sọ́wọ́ wa. Àwọn mìíràn nínú wọn kò ní sí mọ́ bí ẹlòmíràn bá padà lọ béèrè. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ láìní ohùn, kò sí ètò kọ̀ǹpútà kankan tí yóò mọ ohùn tí wọ́n fi sọ ọ́. Bí a bá sì tẹ̀ ẹ́ dáadáa, ní ọ̀nà kan ṣoṣo, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn wa yóò rí i nígbà tó bá wá a.