Àbọ̀ Ọ̀rọ̀ Là Ń Sọ

Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Bó bá dé inú rẹ̀, á di odidi. Ìwọ tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń túmọ̀ káàdì tarot, há òwe yìí sórí ná. Àsọjù ló ń yọ ọ̀gbẹ́ri lẹ́nu. Á ṣí káàdì kan, á ka gbogbo ohun tí ìwé wí nípa rẹ̀ bí ẹni ń ka ọjà orí àtẹ: ìfẹ́, àdánù, ìrìn àjò, owó. Ẹni tó wá béèrè á dìde, kò ní mọ èyí tóun máa mú lọ. Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n.

Káàdì 78 ló wà nínú ìdì kan: ńlá 22, kékeré 56. Ayò ni wọ́n kọ́kọ́ ń fi í ta ní Ítálì. Ìgbà tó yá ni àwọn ará Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í fi í wo ọ̀ràn. Èyí tó gbajúmọ̀ jù jáde ní London ní 1909. A. E. Waite ló ṣètò rẹ̀, Pamela Colman Smith ló ya àwòrán rẹ̀. Obìnrin yìí ya èèyàn àti ìṣe wọn sára àwọn káàdì kékeré pàápàá. Nítorí náà, jẹ́ kí ojú ṣiṣẹ́ kí ẹnu tó ṣiṣẹ́.

Wo káàdì Ife Márùn-ún. Ẹnì kan wọ aṣọ ìbora dúdú, ó dorí kodò. Ife mẹ́ta ti dànù níwájú rẹ̀. Méjì ṣì dúró lẹ́yìn rẹ̀, kò sì bojú wẹ̀yìn. Ọ̀gbẹ́ri á máa ro ẹjọ́ ọ̀fọ̀ àti àbámọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹni tó ti pẹ́ nídìí rẹ̀ á ní: “Omi ló dànù, agbè ò fọ́.” Ó tán. Ẹni tí òwò rẹ̀ forí ṣánpọ́n gbọ́; ẹni tí àfẹ́sọ́nà rẹ̀ kọ̀ náà gbọ́.

Ẹni tó bá fi sùúrù pa èèrà ló ń rí ìfun rẹ̀. Láràárọ̀, mú káàdì kan, kí o sì yà á sọ́tọ̀ títí gbogbo wọn á fi tán. Tẹjú mọ́ ọn fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí o tó ṣíwèé. Kọ ohun tí ẹni inú àwòrán ń ṣe: ó ń ru ẹrù, ó ń sá, ó kẹ̀yìn sí ife. Wá fi gbólóhùn kan ṣoṣo túmọ̀ rẹ̀. Bí o bá ní láti mí kí o tó parí rẹ̀, gé e kúrú. Lálẹ́, yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó bá ọjọ́ náà mu. Bí kò bá bá a mu, má yí i po. Kọ ọ́ síbẹ̀ pé o ṣì í. Nǹkan bí oṣù méjì ààbọ̀ ni káàdì 78 náà máa gbà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí o tó tẹ́ káàdì mẹ́ta, gbólóhùn kan ṣoṣo ni kí o sì fi so wọ́n pọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹyin lohùn. Káàdì Ikú ń gẹṣin funfun bọ̀, òótọ́ ni, àmọ́ oòrùn wà láàárín ilé ìṣọ́ méjì lẹ́yìn rẹ̀. Má fi gbólóhùn kúkúrú dá jìnnìjìnnì bo ẹnikẹ́ni.

Bí o bá ti sọ tìrẹ, dákẹ́. Ẹni tó wá dífá ló ń mọ ẹsẹ̀ tó bá ọ̀ràn rẹ̀ mu nígbà tí babaláwo bá ń kì í. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó jókòó níwájú rẹ á ṣe mirí, á ní, “Ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù mi nìyẹn.” O ò dárúkọ ṣọ́ọ̀bù. Àbọ̀ lo sọ. Òun ló ni ìyókù.