Bọ́tìnì kan náà ní Àjàṣẹ́ àti ní Ìdí-Ìrókò

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀gbọ́n, Tchaada, ní Ìfọ̀nyìn, ni mò ń gbé. Àjàṣẹ́ ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi AutoCAD ya àwòrán ilé, èdè Faransé sì ni ti ibẹ̀. Ní báyìí, mò ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀gá kan ní Àjàṣẹ́, mo tún ń gba Igolo sọdá lọ bá akọ́lé kan ní Ìdí-Ìrókò. Gẹ̀ẹ́sì ni tiwọn. Mo tẹ AJUSTER níbẹ̀, AutoCAD ní òun ò mọ̀ ọ́n. Àwọn bọ́tìnì tí mo ti tò ní Àjàṣẹ́ ò sí níbẹ̀. Ọ̀gá tó kọ́ mi sì máa ń lo àwọn ìlà irinṣẹ́ àtijọ́ tó yí ojú kọ̀ǹpútà ká, èmi náà fẹ́ràn wọn. Ṣé gbogbo ìgbà ni n ó máa tún un tò láti ìbẹ̀rẹ̀ ni?
Ayàwòrán-ilé, Tchaada

ÌDÁHÙN

Àbúrò mi, o kú ìrìn bodè. Rárá o. Ẹ̀ẹ̀kan ni wàá tò ó, wàá sì máa gbé e kiri nínú fíláàṣì. Ọ̀rọ̀ èdè ni ká kọ́kọ́ yanjú, torí bó o bá kó bọ́tìnì tó ń sọ Faransé dé Ìdí-Ìrókò, wíwò ni yóò máa wò ọ́.

Autodesk, tó ṣe AutoCAD, fún àṣẹ kọ̀ọ̀kan lórúkọ méjì. Ọ̀kan ni èyí tí wọ́n túmọ̀ sí èdè tí wọ́n ń tà á fún. Èkejì, ti Gẹ̀ẹ́sì, wà lábẹ́ rẹ̀ nínú gbogbo èdè. Àmì ìlà ìsàlẹ̀, ìyẹn _, ló ń pe ti abẹ́ yẹn jáde. AJUSTER ni ti Àjàṣẹ́, TRIM ni ti Ìdí-Ìrókò, _TRIM sì ń jẹ́ níbi méjèèjì. Bẹ́ẹ̀ náà ni _OFFSET fún DECALER, àti _MOVE fún DEPLACER. Lórí kíbọ́ọ̀dù Faransé, ara 8 ni àmì náà wà, o ò sì ní tẹ Shift. Lórí ti Gẹ̀ẹ́sì, wàá di Shift mú kó o tó tẹ àmì ìyọkúrò. Ìka rẹ máa kọ́kọ́ ṣì í, má bínú sí i.

Ó yá, bọ́tìnì. Tẹ _CUI. Nínú fèrèsé tó bá ṣí, àwọn ìlà irinṣẹ́ wà lápá òsì lókè. Fi ọwọ́ ọ̀tún máòsì tẹ̀ wọ́n, dá tuntun sílẹ̀, kó o sì sọ ọ́ lórúkọ. Dá àṣẹ tuntun sílẹ̀ nísàlẹ̀, kó o wọ́ ọ lọ sínú ìlà irinṣẹ́ náà. Ní àyè macro, wàá bá ^C^C níbẹ̀ kó o tó kọ ohunkóhun. Má pa á rẹ́: òun ló ń fagi lé àṣẹ yòówù tó bá ṣì ń lọ, bí ẹni tẹ Esc lẹ́ẹ̀mejì. Èyí tí mo rò pé yóò wúlò fún ọ jù nìyí:

^C^C_-layer;_m;MUR;;

Jẹ́ ká kà á bí AutoCAD ṣe ń kà á. Àmì ; dúró fún Enter. Ìlà kékeré tó ṣáájú layer ní kó má ṣí fèrèsé, kó béèrè ọ̀rọ̀ nínú ìlà àṣẹ. _m ní kó dá lẹ́yà náà sílẹ̀ bí kò bá sí, kó sì bọ́ sórí rẹ̀. MUR ni orúkọ lẹ́yà ògiri. Àmì ; tó tẹ̀lé e gba orúkọ náà wọlé, èyí tó gbẹ̀yìn jáde kúrò nínú àṣẹ. Ṣó o rí i pé m náà ní _ tirẹ̀? Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀: wọ́n á fi àmì sí àṣẹ, wọ́n á gbàgbé lẹ́tà tó tẹ̀lé e.

Àmọ́ _ ò lè túmọ̀ MUR. Orúkọ tí èèyàn fún lẹ́yà ni, AutoCAD ò mọ̀ pé ògiri ni. Bí ti Ìdí-Ìrókò bá ń lo WALL, ṣe bọ́tìnì mìíràn, tàbí kẹ́ ẹ jọ fẹnu kò sórí orúkọ kan. Èmi á ní kẹ́ ẹ fẹnu kò. Má sì tò ó jù o. Bíríkìlà kì í kó gbogbo irinṣẹ́ rẹ̀ gun àkàbà. Èyí tó ò ń lò lójoojúmọ́ nìkan ni kó o gbé síta.

Tó bá pé, má fi í sílẹ̀ sínú acad.cuix, torí fáìlì onílé nìyẹn. Nínú fèrèsé kan náà, lọ sí Transfer, dá fáìlì tuntun sílẹ̀ lápá ọ̀tún, wọ́ ìlà irinṣẹ́ rẹ sọdá, kó o sì fi orúkọ tìrẹ pa á mọ́. Èyí ni ti fíláàṣì. Níbi tó o bá dé, dà á kọ sínú kọ̀ǹpútà kó o tó fi _CUILOAD gbé e wọlé, torí bó bá jẹ́ inú fíláàṣì ló ti ń kà á, tó o bá yọ fíláàṣì, kò ní í rí i mọ́. AutoCAD tó ṣáájú ti 2010 kò mọ .cuix rárá.

Ti ìlà irinṣẹ́ àtijọ́: láti 1982 ni AutoCAD ti wà, ribbon tó gba òkè ojú kọ̀ǹpútà yìí ò dé àfi nínú AutoCAD 2009. Ètò Classic tí àwọn ọ̀gá wa fẹ́ràn, inú AutoCAD 2015 ni wọ́n ti yọ ọ́. Ètò ni wọ́n yọ, wọn ò yọ àwọn ìlà irinṣẹ́ fúnra wọn. Tẹ MENUBAR, fún un ní 1. Ààtò ni èyí, kì í ṣe àṣẹ; orúkọ irú rẹ̀ kì í yí padà láti èdè dé èdè, kò nílò _. Wọ inú Tools, tàbí Outils, tó bá yọ lókè, wàá bá àwọn ìlà irinṣẹ́ náà níbẹ̀. Tò wọ́n bó ṣe wù ọ́, kó o fi _WSSAVE pa ètò náà mọ́.

Nírọ̀lẹ́, kó o tó dìde nídìí kọ̀ǹpútà tí kì í ṣe tìrẹ, tẹ _CUIUNLOAD, yọ fáìlì rẹ, kí ẹni tó ni ín lè bá a bó ṣe fi í sílẹ̀.