Fùkù Ẹlẹ́gùúsí àti Ẹran Tí A Ń Jẹ

Ọ̀rọ̀ ẹran màlúù ni mo fẹ́ bá yín sọ ní ọ̀sẹ̀ yìí, kì í sì í ṣe láti ní kí ẹ má jẹ ẹ́ mọ́. Ẹran dára lára. Ó ń mú kí ara ọmọ le, ó ń dá ẹ̀jẹ̀ padà sára aboyún, èmi fúnra mi kì í sì í gbé ọbẹ̀ tí kò lẹ́ran síwájú àlejò. Ṣùgbọ́n bí ẹran ti ń wọ inú ilé ni àrùn lè bá a wọlé, mo sì ń rí i ní dìsípẹ́ńsárì wa pé púpọ̀ nínú wa ni kò mọ ọ̀nà tí ó ń gbà.

Ọ̀pọ̀ màlúù tí a ń pa nílẹ̀ Yorùbá, Òkè Ọya ni wọ́n ti ń kó wọn wá. Eṣinṣin tí ń gbé àrùn oorun kiri fẹ́ràn igbó àti ọ̀rinrin ilẹ̀ wa, kò sì jẹ́ kí màlúù ńlá oníké rọ́wọ́ mú níhìn-ín. Láyé àtijọ́, ẹsẹ̀ ni àwọn darandaran fi ń dà wọ́n wá. Nígbà tí ó ṣe, ọkọ̀ ojú irin ń kó wọn. Lónìí, tírélà ni. Wọn a wà lórí ìdúró láti ọjọ́ dé ọjọ́, imú ọ̀kan lára èkejì, títí wọn ó fi dé Akínyẹlé ní Ìbàdàn tàbí Kara lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn. Bí màlúù kan tí ó ní ikọ́ ẹ̀gbẹ bá wà nínú irú èrò bẹ́ẹ̀, èémí rẹ̀ ni àwọn ìyókù ń fà símú.

Bẹ́ẹ̀ ni, màlúù a máa ní ikọ́ ẹ̀gbẹ. Kòkòrò tirẹ̀ àti èyí tí ó wọ́pọ̀ lára ènìyàn dà bí ọmọ ìyá kan náà, ti màlúù sì lè mú ènìyàn pẹ̀lú. Àwọn onímọ̀ Yunifásítì Ìbàdàn ti rí i lára màlúù tí wọ́n pa ní ilé ìpẹran Bódìjà. Èyí tí ó ṣòro jù níbẹ̀ ni pé màlúù náà lè sanra, kí irun rẹ̀ máa dán, kí a má sì gbọ́ kí ó wú ikọ́ kan. Ìgbà tí a bá ṣí àyà rẹ̀ tán ni a ó tó rí àwọn kókó funfun tàbí èyí tí ó pọ́n rúsúrúsú lára fùkù rẹ̀, bí ẹ̀gúsí lílọ̀ tí ó ṣù pọ̀. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí wọ́n fi sọ ọ́ ní fùkù ẹlẹ́gùúsí.

Ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní 2013 nípa àwọn tí ń pa ẹran tí wọ́n sì ń tà á ní Nàìjíríà fi hàn pé àwọn kan nínú wọn a máa jẹ nínú ẹran tí àrùn náà hàn lára rẹ̀, kí oníbàárà lè gbà pé ẹran dára. “Ìyá, ẹ wò ó, mo jẹ ẹ́, ṣé mo kú?” Oníbàárà a rẹ́rìn-ín, a sanwó. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí irú ìyẹn tàn yín. Ikọ́ ẹ̀gbẹ kì í pa ni lójú ẹsẹ̀. Kòkòrò rẹ̀ lè sùn sínú ara fún oṣù púpọ̀, àní fún ọdún púpọ̀, kí ó tó jí. Ẹni tí ó jẹ ẹ́ lójú yín lónìí, kì í ṣe ojú yín ni yóò ti máa làágùn lóru, tí ara rẹ̀ yóò máa joro, tí yóò sì máa wú ikọ́ sára àwọn ọmọ rẹ̀ nínú yàrá kan ṣoṣo.

N kò sọ èyí láti bú àwọn alápatà. Owó ńlá ni màlúù kan, owó ẹlòmíràn sì ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń ra á. Bí wolé-wolé bá ní kí a sun ẹran náà, ní ọ̀pọ̀ ibi, kò sí ẹni tí yóò dá kọ́bọ̀ padà fún un. Ọkùnrin tí ó mọ̀ pé gbèsè ni yóò gbé lọ sílé, ṣé ẹ rò pé yóò pe wolé-wolé kó wá wo fùkù? Lójú tèmi, ìjọba tí ó bá fẹ́ kí alápatà sọ òtítọ́ gbọ́dọ̀ wá nǹkan ṣe sí owó rẹ̀ tí ó ṣòfò.

Iṣẹ́ wolé-wolé ẹran ni láti wo màlúù láàyè, kí ó tún wò ó lẹ́yìn tí a bá pa á tán: fùkù, ẹ̀dọ̀, ọkàn, ahọ́n, àti iṣan àgbọ̀n rẹ̀. Bí àrùn bá wà ní ojú kan ṣoṣo, ó lè ní kí a gé ibẹ̀ dànù kí a ta ìyókù. Bí ó bá ti tàn ká, gbogbo rẹ̀ ni yóò dànù. Ojú tí ó kọ́ iṣẹ́ náà ni ó lè mọ ìyàtọ̀, nítorí náà ẹ má ṣe ra ẹran olówó pọ́ọ́kú kí ẹ ní ẹ ó gé ibi tí kò dára kúrò nílé. Ọ̀dọ̀ alápatà tí ń pa ẹran ní ilé ìpẹran tí a mọ̀, irú Oko-Ọba ní Agége, ni kí ẹ ti máa rà, kí ẹ sì bi í bóyá wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò. Kì í ṣe àfojúdi.

Ìdí tí wọ́n fi ń la iṣan àgbọ̀n ni aràn pẹlẹbẹ. Ènìyàn tí ó ní aràn yìí a ṣe ìgbẹ́ sínú pápá, màlúù a jẹ koríko ibẹ̀, ọmọ aràn a sì di kókó wẹ́wẹ́ sínú ẹran ara rẹ̀. Ẹni tí ó bá jẹ ẹran náà láìjinná yóò ní aràn tí ó lè gùn ju ẹsẹ̀ bàtà 15 lọ nínú ìfun. A máa ń rí ègé rẹ̀ nínú ìgbẹ́, ó funfun bí rìbọ́nù tí a gé, ó sì ń rìn. Mo mọ obìnrin kan tí ó rò pé wọ́n ṣe òun ni. Oògùn tí a lò fún un ní dìsípẹ́ńsárì ni ó parí ọ̀rọ̀ náà. Ẹ jẹ́ kí ẹran jinná dé inú, kí ó má sí pupa níbi tí ẹ bá gé e. Bí súyà bá ṣì ń ṣẹ̀jẹ̀ láàrin, ẹ dá a padà sórí iná. Ọ̀bẹ àti pákó tí ẹ fi gé ẹran tútù, ẹ fi ọṣẹ fọ̀ wọ́n kí ẹ tó gé tòmátì.

Àrùn kan wà tí a kò gbọ́dọ̀ gbẹ́kẹ̀ lé iná ìdáná fún, áńtíráàsì ni orúkọ rẹ̀. Ní oṣù keje 2023, a rí i ní oko ẹran kan ní Sùlẹ́jà, ní Ìpínlẹ̀ Niger, lẹ́yìn tí ó ti jà ní Gánà. Màlúù a ṣàdédé kú, ẹ̀jẹ̀ tí kì í dì a sì lè máa jáde ní imú, ẹnu àti ìdí rẹ̀. Irú òkú bẹ́ẹ̀, ẹ má là á, ẹ má bó o, ẹ má kun ún. Ẹ ránṣẹ́ pe dókítà ẹran. Bí ènìyàn bá fọwọ́ kàn án, egbò lè yọ tí kì í dunni, tí àárín rẹ̀ dúdú bí èédú. Kí ó tètè wá, oògùn rẹ̀ wà. Nítorí àrùn yìí ni ìjọba àpapọ̀ fi kìlọ̀ nípa pọ̀nmọ́ ní 2023. Mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ ṣáà ti mọ ẹni tí ó ṣe é, kí ó má jẹ́ awọ òkú màlúù, kí ó má sì jẹ́ èyí tí wọ́n fi táyà sun.

Ó ku ti wàrà. Èyí tí àwọn obìnrin Fúlàní fi bọmubọmu sè ti rí iná. Ṣùgbọ́n mílíìkì tí a fún lọ́mú màlúù tí a kò sè, ìbáà kan, ó lè gbé ikọ́ ẹ̀gbẹ fún ọmọdé, kí kókó sì yọ sí ọrùn rẹ̀. Ẹ sè é kí ó hó.

Ẹ̀yin alápatà àti darandaran, ẹni tí ó bá ti wúkọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì nínú yín kí ó lọ ṣe àyẹ̀wò ní ilé ìwòsàn ìjọba, ọ̀fẹ́ ni. Kí ó sọ fún nọ́ọ̀sì pé màlúù ni iṣẹ́ òun, nítorí pé ọ̀kan nínú oògùn mẹ́rin tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú kì í ran kòkòrò ti màlúù, ó sì yẹ kí dókítà mọ̀ kí ó tó kọ oògùn fún un.