Ta Ló Ń Dúró Bí Kọmíṣánnà Bá Lọ?

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá búra fún gómìnà tuntun, àwọn kọmíṣánnà àná ti palẹ̀ ẹrù wọn mọ́. Síbẹ̀, bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá ti mọ́, ilé ìwòsàn ìjọba á ṣí, àwọn ọmọ á lọ sílé ìwé. Ta ló wá ń tọ́jú iṣẹ́? Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ tú u wò.

Olórí méjì ló wà nínú iléeṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ ní Nàìjíríà. Kọmíṣánnà ni ti òṣèlú: gómìnà yàn án, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin fọwọ́ sí i, òun ló ń sọ ibi tí ìjọba ń lọ. Akọ̀wé àgbà ni ìkejì. Gómìnà náà ló ń yàn án, àmọ́ òun ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ọba. Ọrùn rẹ̀ ni ìṣirò owó iléeṣẹ́ wà, ojúṣe rẹ̀ sì ni láti sọ pé, “Ọ̀gá, òfin ò gba èyí.”

Àwọn òṣìṣẹ́ tó kù wà lórí àkàbà, ìpele 1 dé 17, èyí tí ìgbìmọ̀ Jerome Udoji dábàá ní 1974. Orí 8 ni ẹni tó gba dìgírì ti ń bẹ̀rẹ̀. Bó bá kúrò ní 10, 12 ló kàn. Kò sí 11. Ẹni tó bá pé ẹni 60 ọdún, tàbí tó ti ṣiṣẹ́ fún 35 ọdún, á fẹ̀yìn tì, èyí tó bá kọ́kọ́ dé.

Kọmíṣánnà kọ́ ló ń gba òṣìṣẹ́ wọ̀nyí. Òfin ìpìlẹ̀ 1999 dá àjọ kan sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan fún ìgbanisíṣẹ́ àti ìbáwí. Ẹ ronú sí i: bó bá jẹ́ pé ẹni tí ò ń gbà nímọ̀ràn ló lè lé ọ lọ́la, ṣé wàá lè sọ òótọ́ fún un?

Kì í ṣe èèyàn nìkan ló ń dúró, ìwé náà ń dúró: ẹ wo fáìlì kan wàyí. Ilé ìwé kan kọ̀wé pé ìjì ṣí òrùlé kíláàsì. Akọ̀wé kékeré kan ní iléeṣẹ́ á fi òǹtẹ̀ lu lẹ́tà náà, á kọ nọ́ńbà sí igun rẹ̀ lókè, á wá fi okùn so ó mọ́ èyí tó ṣáájú. Ọ̀gá kékeré á kọ èrò tirẹ̀, á fọwọ́ sí i, á kọ déètì, mẹ́sẹ́ńjà á gbé e lọ sókè. Ọ̀gá tó kàn á kọ tirẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Bí ojú ìwé 14 bá sọnù láàárín 13 àti 15, gbogbo ayé ló máa rí i. Kọmíṣánnà tuntun tó bá ṣí i á mọ ohun tí wọ́n ti ṣèlérí kó tó dé. Mo ka fáìlì yìí sí ohun tó níye lórí jù nínú iléeṣẹ́ ìjọba.

Àpẹẹrẹ òṣìṣẹ́ tó dúró ni Simeon Adébọ̀: ó sin ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà àtijọ́ lábẹ́ olórí ìjọba Awólọ́wọ̀, ó tún sìn lábẹ́ Akíntọ́lá tó gbapò rẹ̀, ó sì di olórí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba níbẹ̀. Olórí ìjọba yí padà, òun ò kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Bí ẹ bá kọ̀wé sí iléeṣẹ́ ìjọba, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba nọ́ńbà fáìlì náà, kí ẹ sì kọ ọ́ pa mọ́.